Ọpẹ́ Tí Ẹyẹlé San fún Ilé Pákó

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ dá mi lóhùn dáadáa. Ẹni tó ń jẹun kó gbé e mì ná. Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Kí ló ń tẹrí ba lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, tó ń tẹrí ba, tó ń yí po, tí kò sì sí ẹnì kankan níwájú rẹ̀ tó ń kí?

Ẹyẹlé ni!

Ẹ gbà á. Ẹyẹlé ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń kí? Kí ló sì ń yí po wò? Háà, ẹ ti dákẹ́. Ẹ sún mọ́ ibí, kí ẹ gbọ́.

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó gun orí pákó, pákó yẹ̀, ó tẹ ìṣó mọ́lẹ̀, ó ké "yéè!", ó tiro títí, ó balẹ̀ gbàgà sí ẹ̀yìnkùlé Ìjàpá, ọkọ Yánníbo.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, òjò tètè dé, ó sì dé tòun ti ìjì. Ẹyẹlé kò nílé nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, Ẹyẹlé kò mọ ilé kọ́ rárá. Ẹ̀gà mọ̀ ọ́n hun. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ mọ̀ ọ́n fi amọ̀ mọ. Ti Ẹyẹlé, igi wẹ́wẹ́ díẹ̀ ni yóò dà sórí ẹ̀ka, gátagàta, á ní òun ti parí. Ẹni tó dúró nísàlẹ̀ á máa rí ẹyin láti abẹ́. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀ báyìí, ẹyin á bọ́.

Lọ́jọ́ kan, ìjì jà. Ìjàpá ń bọ̀ láti ibi tó ti wá oúnjẹ lọ tí kò rí. Ó dé abẹ́ igi ọ̀dán kan, ó rí nǹkan tó ń dán lórí yẹ̀pẹ̀. Ẹyin ni, ó ti fọ́. Ìjàpá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tẹnu bọ̀ ọ́. Ó lá a. Ó lá yẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ là kedere.

"Háà! Èyí tó ti bọ́ sí yẹ̀pẹ̀ ló dùn tó báyìí. Èyí tí kò kan ilẹ̀ rárá ńkọ́?"

Ìgbà tó máa gbójú sókè, Ẹyẹlé ló rí lórí ẹ̀ka, tó ń sunkún.

"Ẹ ṣeun, Baba Ìjàpá," ni Ẹyẹlé wí. "Gbogbo àwọn tó ń kọjá láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó dúró. Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró, tí ẹ tẹrí ba fún ọmọ mi."

Ìjàpá fi ẹsẹ̀ nu ẹnu. "Ṣé ó yẹ kéèyàn kọjá ni? Ọ̀rọ̀ náà dùn mí."

"Mo rí i. Ẹnu yín ń gbọ̀n."

"Ó dùn gan-an ni," ni Ìjàpá wí. Nínú gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, òótọ́ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹyẹlé fò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní Àwòdì ló gbé ọkọ òun lọ, kò tíì pẹ́ rárá. Ó ní ẹyin tó fọ́ yìí, ti ọkọ náà ni. Ó ní ẹyin méjì ṣì kù nínú òun tí òun kò tíì yé, ti ọkọ náà ni pẹ̀lú, ẹni tó sì ti kú kò lè fún òun ní òmíràn mọ́. "Bí àwọn yìí bá tún bọ́, Baba Ìjàpá, á dà bí ẹni pé ọkọ mi ò wá sáyé rí."

Ìjàpá gbọ́ "méjì". Kò gbọ́ èyí tó kù.

"Ìyá Ẹyẹlé, nu ojú rẹ. Èmi yóò kọ́ ilé fún ọ. Ilé pákó. Á ní òrùlé, á ní ògiri, á ní ojú ọ̀nà tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ara rẹ."

"Ẹ̀yin? Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ káfíńtà ni?"

"Èmi tí mo gbé ilé rù kiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ìwọ ń bi mí bóyá mo mọ ilé?"

Ẹyẹlé wo ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí i pé òótọ́ ni. "Kí ni n ó wá san? Ẹ mọ̀ pé n kò ní nǹkan."

"San kẹ̀? Láàárín èmi àti ìwọ? Ọpẹ́ lásán ni kí o fi san án. Kí o ṣáà dúpẹ́, ó tó mi."

Ẹ̀yin ọmọ yìí, bí ẹ bá dé ọjà tí ẹnì kan ní kí ẹ máa gbé ẹrù òun lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tú u wò títí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gbé e lórí. Ẹyẹlé kò tú u wò. Ìyà ti jẹ ẹ́ kọjá kó máa tú nǹkan wò. Ó kúnlẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀.

"Bó bá jẹ́ ọpẹ́ ni, Baba Ìjàpá, ẹ ó gbà á tẹ́rùn. Èmi kì í jẹ gbèsè."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí dé ilé. Lójú tirẹ̀, ọpẹ́ kì í ṣe nǹkan. Kò wúwo, kò gba ààyè, bí wọ́n bá sì ti dá a lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán.

Ó délé, kò ní pákó. Ó wo òréré ilé, ojú rẹ̀ bọ́ sára àpótí tí Yánníbo ìyàwó rẹ̀ fi ń gbé ẹja gbígbẹ lọ sọ́jà. Yánníbo ti lọ pọn omi. Ìjàpá da ẹja sílẹ̀, ó mú òòlù, ó tú àpótí náà palẹ̀. Kò tíì kó pákó náà jọ tán tí Yánníbo fi wọlé.

"Ta ló tú àpótí mi?"

"Iṣẹ́ àánú ni mo fẹ́ fi í ṣe."

"Àánú ta?"

"Ti Ẹyẹlé. Ọkọ rẹ̀ kú, kò nílé."

Yánníbo gbé omi kalẹ̀. Ó na ọwọ́ kan orí ọkọ rẹ̀. "Ara yín ò gbóná. Ṣé ẹ jẹ nǹkan kan lọ́nà ni?"

"Obìnrin yìí, yàgò fún mi, jẹ́ kí n ṣiṣẹ́."

Ìjàpá sì ṣiṣẹ́. Ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu mi pé ọ̀lẹ ni lọ́jọ́ náà. Ó fi ayùn rẹ́ pákó ìsàlẹ̀. Ó rẹ́ ògiri méjì, ó jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn ga ju iwájú lọ, kí òrùlé lè dà síwájú, kí omi òjò má dúró lórí rẹ̀. Ó rẹ́ pákó òrùlé, ó jẹ́ kí ó yọ síta níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí òjò má fẹ́ wọlé. Ó fi ìṣó kàn wọ́n pọ̀. Pákó iwájú ló wá kù, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń lu ihò roboto. Ó gbé e lọ bá Àkókó, ẹyẹ tó ń fi ẹnu lu igi, tí gbogbo ayé mọ̀ sí káfíńtà inú igbó.

"Àkókó, bá mi lu ihò sí èyí. Kó gba Ẹyẹlé, kó má gba Àwòdì."

"Ta ló máa sanwó iṣẹ́?"

"Opó ni mo ń kọ́lé fún."

"Ìwọ?"

"Kí ló dé tí gbogbo yín ń wí pé 'ìwọ'?"

Àkókó wò ó dáadáa. Ó rántí Ẹyẹlé lórí ẹ̀ka rẹ̀ gátagàta yẹn, ó sì kọjú sí pákó. Kọ́ kọ́ kọ́ kọ́ kọ́. Ihò náà yọ roboto. Ó ki igi kékeré kan mọ́ abẹ́ ihò náà, kí Ẹyẹlé lè rí ibi bà lé kó tó wọlé. Lẹ́yìn náà ló fi ìyẹ́ pa pákó lára.

"Igi àràbà ni, ó sì ti gbẹ jù. Bí òjò bá kàn án, á mu omi, á wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ. Níbi tí pákó bá ti kan pákó, fi àyè tín-ín-rín sílẹ̀ láàárín."

"Kí òjò lè wọlé bá opó? Ìwọ ò láàánú, Àkókó."

"Mo ti sọ tèmi."

Ìjàpá kò lè fi àyè sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí. Pákó ẹ̀yìn ilé náà, kò fẹ́ kàn án. Ó gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró kan sára ògiri ọ̀tún, ó gbẹ́ òmíràn sára ògiri òsì, ó ti pákó ẹ̀yìn bọ àárín wọn, kí ó lè máa rá lọ sókè, kí ó máa rá bọ̀ wá sílẹ̀. Bó bá gbé e sókè, Ìjàpá á rá wọlé. Bó bá fà á sílẹ̀, ó di ògiri. Bí àyè bá wà, wọ́n á rí i pé ó ń ṣí, nítorí náà ó ṣe é rẹ́gí tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná kò lè wọ ibẹ̀. Ó tún ṣẹ́ ìṣó sí wẹ́wẹ́, ó lẹ orí wọn mọ́ igun pákó náà, kí ẹni tó bá wò ó rò pé wọ́n ti kàn án pa.

Ó gbé ilé náà lé orí kùkùté ọ̀pẹ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Lẹ́yìn kùkùté náà, òkìtì ilẹ̀ kan wà tí Ìjàpá lè gùn. Ó ránṣẹ́ pe Ẹyẹlé.

Ẹyẹlé dé, ó wo ilé náà yíká. Ó ní, "Baba Ìjàpá, ẹ má bínú o. Ṣé kò ti sún mọ́ ilẹ̀ jù?"

"Ọmọ tó bá ń kọ́ fífò, ṣé orí igi gíga lo fẹ́ kó ti já bọ́?"

"Ó tọ́ o. N ò ronú débẹ̀. Ẹ ṣeun."

Ó wọlé. Ihò náà gbà á, bí ẹni pé wọ́n fi ara rẹ̀ wọn pákó. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni òjò rọ̀. Ìjàpá dúró lábẹ́ etí ilé rẹ̀, ó ń wò ó. Ìjì mi igi ọ̀dán yẹn títí, ẹ̀ka ń ṣẹ́. Ilé pákó kò mì. Ẹyẹlé yọrí síta láti inú ihò, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, òjò kò sì kàn án.

"Kò jò!" ló ń ké. "Baba Ìjàpá, kò jò! Ẹ wò mí, n ò tutù!"

Nínú ilé yẹn ló yé ẹyin méjèèjì sí.

Ètò Ìjàpá kò le. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Ẹyẹlé á jáde lọ wá oúnjẹ. Òun á gun òkìtì, á wọlé, á jẹ ẹyin, á jáde. Wọ́n á ní ejò ni. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ti ń mọ́, kó tó la ojú tán, ó gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Ẹ kú àná o, Baba Ìjàpá! Ẹ kú àná o, Ìyá Yánníbo!"

Ìjàpá jáde. Ẹyẹlé ló wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Àná kí ni?"

"Ti ilé. Ẹ ṣeun àná."

"O ti dúpẹ́ lánàá."

"Ti àná ni ti àná, Baba. Ti òní nìyí."

Ìgbà tó dúpẹ́ tán, tó béèrè Yánníbo, tó béèrè bí wọ́n ṣe sùn, oòrùn ti mú, ó sì padà lọ jókòó lé ẹyin rẹ̀. Ìjàpá gbé ìtọ́ mì.

Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, Ẹyẹlé tún dé. Àdàbà, àbúrò rẹ̀, bá a wá. "Mo ní kó wá bá mi dúpẹ́." Lẹ́yìn Àdàbà, Ẹtù wá, ó kó gbogbo ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn Ẹtù, Lékeléke wá láti odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé Ìjàpá kọ́lé fún opó lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹni tó mú ọkà bàbà wá, ó mú un wá. Ẹni tó mú ẹ̀pà wá, ó gbé e fún Yánníbo. Ẹni tó ti máa ń bo ìkòkò bí Ìjàpá bá ń kọjá wá ń pè é kó wá bu oúnjẹ. Yánníbo dé ọjà, wọ́n ń sún fún un kó jókòó. "Ìyàwó akọ́lé, ẹ káàbọ̀." Kò wá rántí àpótí rẹ̀ mọ́.

Kí ni kò dùn nínú èyí? Ṣùgbọ́n Ìjàpá kì í ro oúnjẹ tó ti wà nílẹ̀, èyí tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ló máa ń rò. Ẹyin méjì yẹn kò jẹ́ kó gbádùn ẹ̀pà. Ó fẹ́ kí ọpẹ́ tán. Ọpẹ́ kò tán. Bó bá ti gun òkìtì dé ìdajì, á gbọ́ ohùn lẹ́yìn: "Baba Ìjàpá! Ẹ ń yẹ ilé opó wò? Ẹ kú àníyàn o!" Á sì sọ̀ kalẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn.

Lọ́jọ́ kan, Ẹyẹlé wá bí ìṣe rẹ̀. Ó ní, "Baba Ìjàpá, mò ń kọjá sí òdìkejì odò lónìí. Ẹbí ọkọ mi kò tíì rí ilé náà. Mo fẹ́ kó gbogbo wọn wá, ká dúpẹ́ lápapọ̀."

Ọkàn Ìjàpá fò sókè. "Òdìkejì odò? Ó jìnnà díẹ̀ o. Ẹ rọra máa bọ̀. Ẹ má kánjú rárá. Ọ̀nà ń yọ̀."

"A ń fò ni, Baba."

"Ẹ rọra fò."

Ẹyẹlé lọ. Ìjàpá kò dúró. Ojú ọ̀run ti ṣú, kò wò ó. Ó gun òkìtì. Oòrùn ọjọ́ mélòó kan ti mú pákó ẹ̀yìn gbẹ, Ìjàpá gbé e sókè, ó rá wọlé, ó sì fà á sílẹ̀ padà, kí ẹnikẹ́ni má rí i. Inú ilé dúdú. Ó ń rùn fún ẹja gbígbẹ Yánníbo. Ẹyin méjèèjì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, funfun, mímọ́, kò sí yẹ̀pẹ̀ kankan lára wọn.

Ìjàpá la ẹnu.

Òjò dé. Kò kán tótó mọ́, wìì ló ya lulẹ̀. Kó tó pa ẹnu dé, ó gbọ́ ìyẹ́ púpọ̀ lóde. Òjò ti lé Ẹyẹlé padà kó tó dé odò. Ó ti pàdé ẹbí ọkọ rẹ̀ lọ́nà, Àkókó àti Ẹtù náà wà láàárín wọn, wọ́n sì sáré wá sá sábẹ́ etí òrùlé tó yọ síta yẹn. Wọ́n fún ara wọn pọ̀ mọ́ ògiri pákó. Ẹyẹlé kò jẹ́ wọlé kó fi àlejò sílẹ̀ lóde. Ìjàpá gbọ́ èémí wọn. Kò lè jẹ ẹyin, wọn á gbọ́ ìró rẹ̀. Ó fa orí sínú, ó dákẹ́ bí òkúta.

Ẹyẹlé gbé orin. Ẹ bá mi gbè é:

*Ìjàpá kọ́lé fún mi o,*
Kúù, kúù, ẹ ṣeun.
*Ìjì jà, ilé ò mì o,*
Kúù, kúù, ẹ ṣeun.
*Ẹyin ọkọ mi ò bọ́ mọ́ o,*
Kúù, kúù, ẹ ṣeun.
*Kò gbowó, kò gbaṣọ o,*
Kúù, kúù, ẹ ṣeun.
*Alábahun, kí lo fẹ́ jẹ o?*
Kúù, kúù, ẹ ṣeun.

Ìjàpá gbọ́ "kí lo fẹ́ jẹ", òógùn bò ó.

Òjò náà pẹ́. Orin náà pẹ́ ju òjò lọ. Nígbà tí òjò dá, Ẹyẹlé ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ kí i nílé, kí á tó wo inú ilé." Gbogbo wọn fò lọ sí iwájú ilé Ìjàpá.

Ìjàpá yára kọjú sí pákó ẹ̀yìn. Kó jáde ná. Ó tì í sókè. Kò rá. Ó fi èjìká tì í. Kò rá. Ó fi gbogbo ẹ̀yìn gbé e. Pákó ti mu omi yó, ó ti wú, ó ti dì mọ́ ojú ọ̀nà rẹ̀ bí eyín ṣe ń dì mọ́ èrìgì. Ó wá rántí Àkókó. Àyè tín-ín-rín tí kò fi sílẹ̀ yẹn, ara rẹ̀ ló há sí i.

Ó wo ẹyin. Kó jẹ wọ́n báyìí? Bó bá jẹ wọ́n, tí kò sì rí ọ̀nà jáde, òun àti èèpo wọn ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ẹ má rò pé àánú ló ṣe é. Ẹ̀rù ló bà á. Ó yọ orí gba ihò iwájú láti wá èémí.

Orí yẹn ni wọ́n bá. Yánníbo ti sọ fún wọn pé ọkọ òun kò sí nílé, gbogbo wọn, pẹ̀lú òun náà, sì padà wá. Ẹyẹlé ló ṣáájú. Ó bà lé orí igi ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ àti ojú Ìjàpá ṣe mẹ́rin.

"Baba Ìjàpá."

"Ìyá Ẹyẹlé. Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ọ̀nà."

"Kí lẹ ń wá nínú ilé mi?"

"Mo rí i pé o jáde, òjò sì ń bọ̀. Mo ní kí ẹyin má tutù. Mò ń bá ọ sàba."

Ẹyẹlé yọjú wo ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀. Ẹyin méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n pé. Ó mí kanlẹ̀.

Àkókó béèrè pé, "Ibo ni ìwọ gbà wọlé? Èmi ni mo lu ihò yìí. Igbá ẹ̀yìn rẹ kò lè gbà á." Ó fò lọ sẹ́yìn ilé. Kọ́ kọ́ kọ́. Orí ìṣó já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ìdí lábẹ́ wọn. "Ẹ wá wò ó o! Ilé yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí. Òjò ló tì í pa."

"Pákó àpótí mi!" ni Yánníbo ké. "Ìjàpá, ohun tí ẹ fi àpótí mi ṣe nìyí?"

Ẹtù ní, "Ẹ jẹ́ ká fọ́ pákó náà, ká fà á jáde, ká lù ú bí ẹni lu ẹ̀gúsí!"

"Ẹ fọ́ ilé ta?" Ẹyẹlé ló sọ̀rọ̀. Kò pariwo. "Ilé mi? Kí ẹnì kankan má fọwọ́ kàn án."

Ó yíjú sí Ìjàpá.

"Baba Ìjàpá, mo mọ ohun tí ẹ wá ṣe. Àwòdì gbé ọkọ mi lọ, kò gbé làákàyè mi lọ. Ẹ kọ́lé yìí kí ẹ lè jẹ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìjì jà, ẹyin mi ò bọ́. Òjò rọ̀, n ò tutù. Látọjọ́ tí mo ti dáyé, n ò sùn àsùnwọra rí àfi nínú pákó yìí. Èmi kò gbé inú èrò yín. Inú ilé ni mò ń gbé, ilé náà sì dára. Nítorí náà, ọpẹ́ tí mo ti san, mo ti san. N ò gbà á padà. Ẹ kú àná."

Ìjàpá ti múra sílẹ̀ de èébú. Ó ti múra sílẹ̀ de igi. Kò múra sílẹ̀ de èyí. Kò mọ ibi tó máa kọjú sí, ihò náà kò sì gba yíyí.

"Ó wá ku ọ̀kan," ni Ẹyẹlé wí. "Ẹ ní ẹ̀ ń bá mi sàba. Ẹ má dá a dúró. Oòrùn ló máa ṣí ilẹ̀kùn tí òjò tì."

Báyìí ni Ìjàpá jókòó. Òjò kò jẹ́ kí pákó gbẹ. Bó bá fẹ́ gbẹ, òmíràn á rọ̀. Lójú oòrùn, Ìjàpá ló ń sàba. Bí ilẹ̀ bá ṣú, Ẹyẹlé á gba ihò wọlé, á gba ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀. Àkókó kó ẹrù rẹ̀ wá sórí òrùlé. Ó ní, "Bí n bá gbọ́ 'pẹ́' báyìí nínú ilé yẹn, ẹnu tí mo fi ń lu ìrókò nìyí." Ẹyẹlé ń bọ́ Ìjàpá gba ojú ihò, ó ń fi ẹnu ki àgbàdo sí i lẹ́nu bí ọmọ titun. Àwọn tó ń kọjá kò sì dákẹ́.

"Ẹ kú ìsàba o, Baba Ìjàpá!"

"Ìyá ọlọ́mọ méjì, ṣé àyà ò dùn yín?"

Yánníbo máa ń wá dúró síwájú ihò. "Ọkọ mi, ṣé inú àpótí ẹja mi tù yín lára?"

Láàárọ̀ láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, Ẹyẹlé á kọ́kọ́ bà lé orí igi ẹnu ọ̀nà. Kì í rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú àná, Baba Ìjàpá." Ìjàpá á fẹ́ fa orí sínú. Nígbà tó yá, á dáhùn. "O ṣé, Ìyá Ẹyẹlé."

Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ nǹkan tó ń họ lábẹ́ àyà rẹ̀. Ó sún. Èèpo ẹyin là, ọmọ kan yọ, ìhòòhò, pupa, ojú rẹ̀ kò tíì là. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Ẹ mọ bí ọmọ ẹyẹlé ṣe ń jẹun. Wọn kì í la ẹnu dúró bí ọmọ adìyẹ. Orí ni wọ́n máa ń ti bọ inú ẹnu ìyá wọn lọ wá oúnjẹ. Ẹni tó wà nítòsí ni wọ́n mọ̀. Ìjàpá ló wà nítòsí. Ọmọ àkọ́kọ́ táràrà wá, ó kan ẹnu Ìjàpá, Ìjàpá la ẹnu láti sọ pé "kí lèyí?", ọmọ náà sì ti orí bọ̀ ọ́.

Ẹyẹlé ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Ó rí i. Orí ọmọ ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu Ìjàpá.

Kò lè ké. Lórí òrùlé, Àkókó kò mọ̀, kò sí ohun tó dún. Ẹnu yẹn náà ló lá ẹyin lábẹ́ igi ọ̀dán. Kó ṣáà pa á dé, ó parí.

Ìjàpá kò pa ẹnu dé.

Àgbàdo tí Ẹyẹlé ti ki sí i lẹ́nu láàárọ̀ ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó rọra fi ahọ́n tì í síwájú, díẹ̀díẹ̀, ọmọ náà sì ń jẹ ẹ́. Nígbà tó yó, ó yọ orí. Èkejì ti ń bọ̀. Ìjàpá tún la ẹnu.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Àwọn kan ní ẹ̀rù Àkókó ni. Àwọn kan ní ẹni tó ti jókòó lé nǹkan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ ẹ́ mọ́. Àwọn kan sì ní ọpẹ́ àràárọ̀ yẹn ló wọ̀ ọ́ lára. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹyẹlé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba. Ó tẹrí ba títí ẹnu rẹ̀ fi kan igi ẹnu ọ̀nà. "Baba Ìjàpá, ti àtẹ̀yìnwá, ti ilé ni. Ti òní yìí, ti ẹnu yín tí kò padé ni. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun."

Nígbà tó yá, òjò dáwọ́ dúró. Oòrùn ràn, ó tún ràn. Pákó gbẹ, ó sún kì, ojú ọ̀nà rẹ̀ fẹjú padà. Ìjàpá kàn fara tì í, ó yọ gbì, òun náà sì ṣubú sórí òkìtì, ó yí gbirigbiri dé ilẹ̀. Ó ti rù. Kò wo ẹ̀yìn. Ó ń gbọ́ wọn: "Ẹ kú ìsàba! Ẹ kú àná!" Bó ti ń gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ló ń fa orí sínú. Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá ti ń fa orí wọlé bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ ọn. Ó rò pé wọ́n tún fẹ́ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun ni.

Àkókó dá pákó ẹ̀yìn padà. Ó fi àyè tín-ín-rín sílẹ̀ fún un láti wú, ó sì fi ìṣó gidi kàn án, èyí tó ní ìdí. Ẹyẹlé kò kúrò nílé náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò kúrò. Ìdí nìyí tí ẹyẹlé fi ń bá wa gbé lágbàlá títí dòní, nínú ilé pákó olójú ọ̀nà kan.

Ẹ wò ó bó bá di àárọ̀ ọ̀la, kó tó wọlé. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní "kúù, kúù", á tẹrí ba, á tún tẹrí ba. Ọpẹ́ ni yẹn. Ó ń kí ẹni tó kọ́lé fún un, ẹni yẹn ì báà dára, ì báà burú. Yíyí tó ń yí po ńkọ́? Ó ń wo ẹ̀yìn ilé, bóyá ìṣó Àkókó ṣì wà níbẹ̀.

Ibi tí mo ti gbé àlọ́ mi ni mo dá a padà sí. Bí mo bá fi irọ́ lé e, kí ẹnu mi wú bíi pákó àràbà, kó má ṣí mọ́. Bó bá jẹ́ bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe sọ ọ́, kó dún létí yín bí ẹnu Àkókó lára igi: kọ́, kọ́, kọ́.